Èmi Ni Mo Ni Odò Jàrímáhù

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ọkọ nìkan ni obìnrin lè fi yangàn, ẹ sún mọ́ ibí, ẹ jọ̀ọ́. Èmi Olúwafèyíṣayọ̀, tí gbogbo ayé ń pè ní Fèyí, mo ní ilẹ̀ kan. Ilẹ̀ ọ̀hún tóbi, ó ní òkè, ó ní igbó, ó ní ìlú mọ́kànlá, odò ńlá kan sì là á já láàárín. Kàsírámà ni orúkọ ilẹ̀ náà, Jàrímáhù ni orúkọ odò rẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ wá a lórí fóònù yín, ẹ ò ní í rí i. Orí mi ni mo ti mú un jáde, inú ìwé tí mò ń kọ ló sì wà.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo bá wá sí London. Ilé ìtọ́jú kan ní Shooters Hill ni mo ti ń ṣiṣẹ́, Thamesmead ni mò ń gbé, inú bọ́ọ̀sì láàárín ibi méjèèjì ni mo sì ti ń kọ ìtàn mi. Ó dá lórí obìnrin kan tó pọn ọmọ rẹ̀, tó sá kúrò ní ìlú Tẹ̀mùdó, tó ń wá bí yóò ṣe dé Wálẹ̀rẹ́ kí àwọn ọmọ ogun tó bá a. Mi ò fẹ́ fi máìlì òyìnbó wọn ọ̀nà obìnrin yìí. Kí ló kan òyìnbó níbẹ̀? Mo ṣe ìwọ̀n tèmi. Ìtúnpọ̀n kan ni ibi tí abiyamọ lè rìn dé kó tó di pé ọmọ yọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, tó máa dúró tún un pọ̀n. Ìwúgààrí kan sì ni àkókò tí gààrí fi ń wú nínú omi tútù. Lọ́jọ́ tí mo ronú kan ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí, inú mi dùn débi pé bọ́ọ̀sì gbé mi kọjá ilé.

Ní gbogbo Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, àwa kan tí a fẹ́ràn ìwé Yorùbá máa ń pàdé nílé ìkàwé ní Woolwich. Ọjọ́ tí ó kàn mí láti kàwé, mo lẹ máàpù mi mọ́ ògiri, mo ka orí kejì títí dé orí karùn-ún. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Auntie Nusirat, tí a jọ ń ṣiṣẹ́, tó sì ti sọ ara rẹ̀ di ìyá mi ní ìlú yìí, pàtẹ́wọ́ ju gbogbo wọn lọ. Ọkùnrin kan ṣoṣo ni kò pàtẹ́wọ́. Ó jókòó lẹ́yìn, ó wọ jákẹ́ẹ̀tì àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì, ó ń wo máàpù mi bí ẹni ń wo ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá.

"Sister, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ni ó wí. "Odò yín ń gun òkè."

"Kí lẹ wí?"

"Ẹ wò ó. Orí òkè ni ẹ ya Tẹ̀mùdó sí, etí òkun ni Wálẹ̀rẹ́ wà. Omi yín sì ń ti etí òkun lọ sórí òkè. Ohun kejì, ní orí kejì, ẹ ní ìtúnpọ̀n ogójì ló wà láàárín ìlú méjèèjì. Nígbà tó fi máa di orí karùn-ún, ó ti di ọgọ́ta. Ilẹ̀ kì í gùn sí i, sister."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, inú sì bí mi. Mo ní, "Ilẹ̀ mi ni! Bí mo bá ní kó gùn, yóò gùn!"

"Òótọ́ ni," ó dáhùn jẹ́jẹ́. "Ṣùgbọ́n ìyá tó pọn ọmọ yẹn, òun ló máa fẹsẹ̀ rìn ín."

Obed ni orúkọ rẹ̀. Sọ̀fíọ̀ ni nílé, ọdún mẹ́jọ ló fi wọn ilẹ̀ kiri kó tó wá di awakọ̀ níbí. Mo ká máàpù mi, mo jáde, mi ò kí ẹnikẹ́ni. Ní ibùdókọ̀ níwájú Woolwich Arsenal, mo sọ fún Auntie Nusirat pé ọkùnrin yẹn ò mọ̀wàáhù.

"Ẹni tí kò mọ̀wàáhù ló wá gbọ́ gbogbo ohun tí o kà, tó tún ka iye rẹ̀?" Auntie bú sẹ́rìn-ín. "Èmi tí mò ń pàtẹ́wọ́ yìí, orí kẹta ni oorun ti gbé mi lọ. Fèyí, wo ọkùnrin yẹn dáadáa o."

Nígbà tí mo délé, mo tẹ́ máàpù sílẹ̀, mo fi rúlà wọ̀n ọ́n. Gbogbo ohun tó sọ, òótọ́ ni. Odò mi ń gun òkè. Mo kọ́kọ́ sunkún, lẹ́yìn náà mo rẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń kọ ìwé yìí, àwọn èèyàn a ní "ó dára, ó dára", wọn a sì yíjú sí nǹkan mìíràn. Ẹni àkọ́kọ́ nìyí tó bá mi jiyàn nípa Kàsírámà bí ẹni pé ibẹ̀ wà.

Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, mo gbé máàpù mìíràn bá a. Mo ní, "Mo ti dá odò padà sí bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n ìtúnpọ̀n kan, báwo ni ká ṣe mọ bó ṣe gùn tó?"

Ó wò mí bí ẹni pé ìbéèrè náà kò le rárá. "A ó wọ̀n ọ́n ni."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé, ní ọ̀sán Fúráìdé kan, mo pọn ọmọ ọlọ́mọ kiri etí adágún omi ní Thamesmead. Títílayọ̀ tí a jọ ń gbé ló yá wa ní ọmọbìnrin rẹ̀, Olúwatámilórè, ọmọ oṣù mẹ́sàn-án, ó sanra dáadáa. Èmi ń lọ níwájú pẹ̀lú ìró àti ọ̀já, Obed ń bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú téèpù àti bíírò. Ìyá òyìnbó kan tó ń mú ajá rẹ̀ rìn dúró bi wá pé kí la ń wọ̀n. Obed nàró, ó dá a lóhùn pé orílẹ̀-èdè tuntun kan ni. Ẹ wo bí àyà mi ṣe wú!

Ẹ̀ẹ̀mejìlá la wọ̀n ọ́n. Ní ìgbà kọkànlá, ọ̀já tú díẹ̀, Obed sì pariwo, "Ọmọ ń yọ̀ o!" Ó sáré wá, ó di ọmọ mú lẹ́yìn mi kí n lè tún ìró ró. Kò fọwọ́ kàn mí. Ṣùgbọ́n ó dúró pẹ́kípẹ́kí, mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí, mo sì ń so ọ̀já tí mo ti mọ̀ ọ́n so láti kékeré lódì. Kí n má purọ́ fún yín, ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Fèyí," ó ní, "mi ò mọ̀ bóyá ó yẹ kí n sọ ọ́ nígbà tí ọmọ ọlọ́mọ wà lẹ́yìn rẹ."

"Sọ ọ́."

"Ó wù mí pé nígbà mìíràn tí mo bá máa di ọmọ mú fún ọ báyìí, kó jẹ́ ọmọ tiwa."

Mo so ọ̀já, mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, mo sì rìn jìnnà kí n tó lè yíjú padà, nítorí omijé ti kún ojú mi. Nígbà tí a ṣírò rẹ̀ tán, ìtúnpọ̀n kan jẹ́ mítà irinwó ó lé ọgbọ̀n. Obed kọ ọ́ sí igun máàpù, mo kọ "bẹ́ẹ̀ ni" sí abẹ́ rẹ̀, mo sì fi ìwé náà fún un. Ó kà á, ó tún un kà, ó wá jókòó sórí koríko.

Oṣù méje kọjá. Gbogbo ọ̀sẹ̀ la ń pàdé, a máa ń jiyàn lórí ibi tí afárá yẹ kó wà àti iye ìwúgààrí tí ọkọ̀ ojú omi máa lò kó tó gúnlẹ̀. Màmá mi nílé ti ń bi mí pé ìgbà wo ni wọ́n ń bọ̀ wá tọrọ mi. Mo ti pé ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ìbéèrè náà sì tọ́. Ohun kan ṣoṣo ló kù, èyíinì ni ìyá Obed.

Òun nìkan ló tọ́ Obed. Wòlíì Keziah ni wọ́n ń pè é ní ìjọ aláṣọ funfun tó wà ní Plumstead, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ni abẹ́ gé. Obed ní kí n wá sí ìsìn lọ́jọ́ Àìkú kan, pé lẹ́yìn ìsìn òun á mú mi lọ kí wọn. Mo yá aṣọ funfun, mo bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, mo jókòó sí apá àwọn obìnrin. Mummy, bí Obed ṣe ń pe ìyá rẹ̀, bọ́ síwájú. Obìnrin kúkúrú ni, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kún gbogbo ilé.

"Ẹ wí tẹ̀ lé mi lẹ́ẹ̀meje," ó kígbe. "Jàrímáhù!"

"Jàrímáhù!" ni gbogbo ìjọ dáhùn.

Mo rò pé etí mi ló ń ṣe mí bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún un pè. Mo wo Obed ní apá àwọn ọkùnrin, ó ti la ẹnu sílẹ̀. Odò mi ni wọ́n ń pè! Ìyá arúgbó kan, Sister Margaret, fò sókè, ó jẹ́rìí pé láti ìgbà tí wòlíì ti fi orúkọ mímọ́ yìí gbàdúrà lé orúnkún òun, òun ti ń gun àtẹ̀gùn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ṣẹlẹ̀. Obed gbé máàpù mi lọ sílé ìyá rẹ̀, ó gbàgbé rẹ̀ sórí tábìlì títí di ọjọ́ kejì. Mummy ti inú ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta bọ̀, ó rí orúkọ àjèjì tí a fi tádà pupa kọ. Nínú ìjọ wọn, orúkọ mímọ́ lè wá bá èèyàn lójú ìran, ní èdè tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ rí. Ó gbà pé Ẹ̀mí ló gbé ọwọ́ ọmọ òun kọ ọ́. Kò bi Obed ní nǹkan kan. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbàdúrà ni, Obed tó ń wakọ̀ lọ́jọ́ Àìkú ní gbogbo àkókò náà ò sì gbọ́.

Lẹ́yìn ìsìn, Obed mú mi dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Mummy dì mọ́ mi, wọ́n ní mo lẹ́wà, wọ́n bi mí pé yàtọ̀ sí iṣẹ́ ìtọ́jú, kí ni mo tún ń ṣe. Obed rọra tẹ ẹsẹ̀ mi. Ó yẹ kí n dákẹ́. Ẹnu mi ò gbà.

"Ìwé ìtàn ni mò ń kọ, Mummy. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, orúkọ tí ẹ fi gbàdúrà yẹn, odò mi ni."

"Odò rẹ báwo?"

"Èmi ni mo ṣe é, Mummy. Inú ìwé mi ló wà."

Wọ́n wo Obed. Obed wo ilẹ̀. Mummy wá àga, wọ́n jókòó. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà," ni wọ́n wí, ohùn wọn ti lọ sílẹ̀. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi ń pe orúkọ inú ìwé ìtàn lé àwọn aláìsàn lórí." Àánú wọn ṣe mí gan-an. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n máa lọ sílé.

Auntie Nusirat ni Mummy pè bí alárinà. Ní ọjọ́ kẹta, Auntie bá mi nínú yàrá ìsinmi níbi iṣẹ́, ó gbé tíì síwájú mi.

"Kò ní kí o má fẹ́ ọmọ òun," ni Auntie wí. "Ohun kan ló fẹ́. Dìde lọ́jọ́ Àìkú, kí o sọ fún ìjọ pé lójú àlá ni áńgẹ́lì ti fi orúkọ yẹn hàn ọ́, pé ìwọ gan-an ò mọ ibi tó ti wá. Ó parí. Lóṣù tó ń bọ̀, wọ́n á lọ bá ẹbí rẹ."

"Auntie, irọ́ nìyẹn."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n má tíì sọ pé o ò ṣe mọ́. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́."

Mo lọ bá Obed ní Woolwich Arsenal lẹ́yìn iṣẹ́ rẹ̀. Ó ti rù. Ó di ọwọ́ mi mú níwájú gbogbo èrò. "Fèyí, ìṣẹ́jú méjì péré ni. Mummy ti dàgbà. Tí ìtìjú yìí bá bá wọn, wọn ò ní í lè gbórí sókè ní ìjọ yẹn mọ́."

"Obed, tí sọ̀fíọ̀ bá ya plan ilẹ̀, ta ló ń fọwọ́ sí i?"

"Sọ̀fíọ̀ náà ni."

"Tí wọ́n bá ní kí o fi orúkọ áńgẹ́lì síbẹ̀ ńkọ́?"

Ó yíjú sí àwọn bọ́ọ̀sì tó tò síwájú ibùdókọ̀.

"Mo fẹ́ ọ," mo sọ fún un. "Mo fẹ́ ọ débi pé mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́. Ṣùgbọ́n láti àárọ̀ títí dalẹ́ ni mò ń gbé arúgbó dìde, tí mò ń gbé wọn sùn, kò sì sí ẹni tó bi mí rí pé kí ni mo tún mọ̀ ọ́n ṣe. Èyí ni mo mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ̀yìn ríro ni mo fi ṣe é, nínú bọ́ọ̀sì, fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́ta. Mi ò ní í gbé e fún áńgẹ́lì kankan."

Mo fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Nínú bọ́ọ̀sì, mo sunkún títí mo fi dé Thamesmead, ìyá kan tí mi ò mọ̀ rí sì fún mi ní tíṣù.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ránṣẹ́ pé òun ń bá Mummy sọ ọ́. Mi ò lè jẹun dáadáa. Mo ṣí ìwé mi, mi ò lè kọ nǹkan kan. Mo bi Auntie Nusirat bóyá ìgbéraga lásán ló ń yọ mí lẹ́nu.

"Ìgbéraga ni," ó dáhùn. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe lásán. Jẹun."

Ní ọ̀sán Wẹ́sìdé kan, wọ́n kan ilẹ̀kùn wa. Mo ṣí i, Mummy ni, àwọn nìkan, pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀ kíákíá.

"Ojú lọ̀rọ̀ wà, ìdí nìyẹn tí mi ò fi pè ọ́ lórí fóònù," ni wọ́n wí bí wọ́n ṣe ń jókòó. "Obed ò jẹun nílé mi mọ́. Ó ní ẹni tó bá ní kí o purọ́ nípa iṣẹ́ rẹ, iṣẹ́ tòun náà lẹni yẹn ń bú. Ó dáa. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń gbọ́ ohùn ẹ̀mí. Bóyá Ẹ̀mí ló ń lò ọ́, tí ìwọ ò mọ̀. Gbé máàpù yẹn jáde, mo fẹ́ bi ọ́ ní ìbéèrè."

Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Wọ́n fi ìka sí ibì kan. "Ta ló ń gbé ibí?"

"Àwọn apẹja, Mummy. Tí ọmọ bá kú ní ìlú wọn, wọn kì í da àwọ̀n sómi fún ọjọ́ méje."

"Kí ni wọ́n fi ń mọ àkókò?"

Mo ṣàlàyé ìwúgààrí. Mummy gbójú sókè. "Gààrí wo? Ti Ìjẹ̀bú kì í wú bíi tàwọn yòókù."

Lóòótọ́ ni mo sọ fún yín, mi ò rò ó rí! Mo mú bíírò, mo kọ ọ́ sílẹ̀, Mummy sì ń wò mí bí mo ṣe ń kọ ọ́. Wọ́n bi mí nípa ọba wọn, ìsìnkú wọn, bí wọ́n ṣe ń fẹ́ ìyàwó. Mo ń dáhùn, ara mi ń yá, mo ti gbàgbé pé ẹjọ́ ni wọ́n ń bá mi rò. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, wọ́n fi ìka sí igun kan lẹ́yìn òkè, níbi tí kò sí nǹkan kan.

"Ibí ńkọ́? Kí ló wà níbí?"

"Mi ò mọ̀, Mummy. Mi ò tíì ṣe ibẹ̀."

Wọ́n bọ́ awò ojú wọn. "Tún un wí."

"Mi ò tíì ṣe ibẹ̀, Mummy. Mò ń rò ó lọ́wọ́ ni."

"Láti ọgbọ̀n ọdún," wọ́n sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, "kò sí ẹ̀mí kankan tó sọ fún mi rí pé òun ò tíì ṣe é tán. Èèyàn ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ rẹ ni." Wọ́n fi etí ìborùn nu ojú. "Ó wá le ju bí mo ṣe rò lọ, nítorí pé èmi ni mo ṣe àṣìṣe."

Wọ́n dìde. Wọn ò sọ nǹkan kan nípa Obed, mi ò sì lè bi wọ́n. Lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n ti sọ pé, "Wá sí ìjọ lọ́jọ́ Àìkú."

Mi ò sùn dáadáa ní gbogbo òru tó kù. Mo rò pé wọ́n tún máa bẹ̀ mí níwájú ìjọ ni, níbi tí mi ò ti ní í lè sọ pé rárá. Mo lọ ṣá. Mo jókòó sí ibi tí mo jókòó sí lọ́jọ́sí. Nígbà tí wọ́n kọrin tán, Mummy bọ́ síwájú, wọn ò gbóhùn sókè.

"Ẹ̀yin ará, mo ní ohun kan láti jẹ́wọ́. Jàrímáhù tí mo kọ́ yín, mi ò rí i lójú ìran. Orí tábìlì ni mo ti rí i. Mo yára, mi ò béèrè, mo sì pè é ní ohun tí kò jẹ́. Ẹ dárí jì mí."

Sister Margaret ló kọ́kọ́ lanu. "Wòlíì, orúnkún mi ńkọ́?"

"Ọlọ́run ló wo orúnkún rẹ sàn, Margaret. Ọkàn wa ló gbọ́, kì í ṣe àṣìṣe mi." Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ara gbogbo wa rọ̀ díẹ̀. Mummy ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. "Ẹni tó ṣe orúkọ yẹn wà níbí. Ó ṣe odò rẹ̀, ó ṣe ìlú tó wà létí rẹ̀, ó ṣe ohun tí wọ́n fi ń wọn ọ̀nà ibẹ̀. Orí tí Ọlọ́run fún un ló fi ṣe é. Mo ní kó purọ́ nípa rẹ̀ kó lè fẹ́ ọmọ mi, ó kọ̀, bẹ́ẹ̀ ó nífẹ̀ẹ́ ọmọ mi. Irú ẹni tí mò ń gbàdúrà pé kí Obed fẹ́ láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Fèyí!"

Mo jáde sáàárín. Mo rí Obed, ó ń sunkún láìnu ojú. Mo kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀ bí àwọn ìyá mi ṣe kọ́ mi.

"Má kúnlẹ̀," ni Mummy wí. "Dìde dúró. Àwọn tó wà lẹ́yìn ò rí ọ."

Mo dìde.